Ooru ló jẹ owó exosome mi

Kí ẹ tó lọ ra serum exosome ewéko, omi ìpara ojú tí gbogbo èèyàn ń pariwo yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi ná. Àbúrò mi obìnrin ló tì mí sí i, ó ní "Àǹtí mi, ojú yín á kàn máa dán ni." Mo bá dé Balogun lọ́sàn-án gangan, ẹni tó ń tà á pàtẹ ẹ̀ sínú oòrùn, igo kékeré méjì nínú páálí, ìkan pọ́dà, ìkan omi, mo sanwó, mo wọ danfo padà sí Sùúrùlérè.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé àpò wínníwínní tí sẹ́ẹ̀lì ewéko ń tú jáde ni exosome yìí, ọ̀rá ni ara àpò náà, protein àti RNA, ìyẹn èròjà tó ń gbé iṣẹ́ jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì, ló wà nínú ẹ̀. Nanometer 30 sí 150 ló tóbi mọ, bẹ́ẹ̀ nanometer mílíọ̀nù kan ló wà nínú mìlímítà ẹyọ kan o! Ooru ń bà á jẹ́, kó dì kó tún yọ́ náà ń fọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ di pọ́dà. Tẹ́ ẹ bá ti pò ó, fríìjì ni. Ìwé inú páálí sọ ọ́, lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ìdin, ta ló fẹ́ kà á?

Mo pò ó ní Fúráìdè, NEPA mú iná lọ títí di Mọ́ńdè, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti wọ́n, mo fi fríìjì sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí igo yẹn, ó ń rùn bí omi ẹ̀wà àná. Ṣé mo dà á nù? Owó mi ńkọ́! Mo fi pa ojú. Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú, ó ń yún mi bíi wèrèpè.

Dókítà awọ kọ́kọ́ bi mí bóyá mo fi rólà abẹ́rẹ́, rólà kékeré tí abẹ́rẹ́ wínníwínní wà lára ẹ̀, gún ojú kí n tó fi pa á, mo ní rárá, ó mí kanlẹ̀. Ó ní awọ òkè yìí, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa lé nǹkan padà, tá a bá wá da ọbẹ̀ kíkan sí ojú tó ti lu, wàhálà ni, àti pé FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, gan-an ò tíì fọwọ́ sí exosome kankan bí oògùn. Sunscreen SPF 30, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ló ní kí n lọ rà.

Àbúrò mi ṣì ra tiẹ̀ ṣá. Inú kúlà ló gbé e sí délé, bí ẹni ra ẹja tútù.