Àyẹ̀wò ọdún 2021: mo lọ bẹ onídìrí mi

Lọ́dọọdún, bí ó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún parí, mo máa ń ṣírò ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Lọ́dún yìí, irun ló jáde jù. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi náà ti ń rí i rẹ́rìn-ín báyìí.

Oṣù kìíní ni kòrónà mú mi ní Ìbàdàn níbí, nígbà tí ìgbì rẹ̀ kejì ń jà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ara mi fi gbóná. N kò gbóòórùn irú nínú ọbẹ̀, ẹni tó bá sì mọ irú á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà. Kí oṣù náà tó parí, ara mi ti yá, mo dúpẹ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lójú tèmi, a ti parí ìyẹn.

Ìparí oṣù kẹrin ni mo ń tú ṣùkú tí mo dì. Bí mo ṣe ń tú u ni irun ń bá ọwọ́ mi bọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Mo wẹ̀ ẹ́, ojú ihò omi dí. Irun kún òòyà, ó wà lórí ìrọ̀rí, kódà ó wọ inú ẹ̀bà ọkọ mi lọ́jọ́ kan. Kò sọ nǹkan kan. Ó yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ẹ.

Mo gba ilé onídìrí lọ. Níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti sọ fún màmá àgbàlagbà yẹn pé ọwọ́ wọn le jù, pé wọ́n ti fẹ́ sọ mí di apárí. Wọ́n wo orí mi yíká. "Ọmọ mi, irun tí ìdìrí bá fà, etí àti iwájú ló ti máa ń lọ. Tìrẹ ń bọ́ káàkiri orí. Ara rẹ ni kó o bi." N kò fẹ́ gbọ́. Mo jáde láìdìrí, n kò sì tẹ ibẹ̀ mọ́ fún oṣù méje.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣe ènìyàn, gbogbo ayé ló ń di dókítà. Alájọgbélé mi kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á. N kò tíì gba abẹ́rẹ́ kankan nígbà náà! Màámi ní kí n máa ṣa gbogbo irun tó bá bọ́, kí n máa sun ún, kí ọwọ́ ayé má baà tó o. N kò gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mo sun ún. Mo fi òrí pa á, mo fi àdín àgbọn pa á, mo fi omi àlùbọ́sà pa á. Imú mi sì ti padà bọ̀ sípò nígbà yẹn, ó ṣeni láàánú. Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún náírà ló bá òróró lọ.

Oṣù kẹfà ni mo tó dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara. Kò bi mí ní òróró tí mo ń lò rárá. Ó ní, "Kí ló ṣe yín ní bí oṣù mẹ́ta ṣáájú kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́?" Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn, mo bá a ní oṣù kìíní.

Ó rọra fa irun díẹ̀ ní orí mi, ó fi kókó funfun tó wà ní ìdí rẹ̀ hàn mí. Ó ní irun orí ènìyàn tó 100,000, àti pé nínú 100, bí 85 sí 90 ló ń dàgbà lọ́wọ́, ìyókù ń sinmi. Bí ibà ńlá bá dé, ara á dá iṣẹ́ irun dúró, ọ̀pọ̀ á lọ sinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í bọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á wà níbẹ̀ fún oṣù méjì, mẹ́ta, kí wọ́n tó jábọ́. Irun tí mo torí rẹ̀ lọ bá onídìrí jà ní oṣù kẹrin ti dágbére fún mi láti oṣù kìíní!

Telogen effluvium ni wọ́n ń pè é. Dókítà Albert Kligman ló sọ ọ́ lórúkọ náà ní Amẹ́ríkà ní 1961, ṣùgbọ́n àwọn tí táífọ́ọ̀dù ṣe ti ń rí i tipẹ́tipẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Lẹ́yìn tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, irun iwájú orí mi bọ́ bákan náà, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ó sì padà hù. N kò so ó pọ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, irin inú rẹ̀ kéré, wọ́n fún mi lóògùn rẹ̀. Ìyókù di ti sùúrù, nítorí bí sẹ̀ǹtímítà kan péré ni irun ń gùn lóṣù. Ní oṣù kẹsàn-án, èyí tó ń bọ́ ti dín kù gan-an.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo padà sọ́dọ̀ màmá onídìrí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ya orí mi, wọ́n fọwọ́ ra àwọn irun wẹ́wẹ́ tó dúró gbọnrangandan níwájú. "Ó ti ń hù. N kò ní dì í, òwú ni mo máa fi kó o, wẹ́rẹ́ báyìí."

Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, wọ́n ní kí n fi ti ọjọ́ tí mo jáde láìdìrí kún un. Mo san án.