Ìdí agbada gààrí ni kí róbọ́ọ̀tì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1961, General Motors, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà, gbé róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Unimate wọ ilé-iṣẹ́ wọn ní New Jersey. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó máa fa irin gbígbóná yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń dà á, nítorí pé iṣẹ́ ewu ni fún ọmọ ènìyàn. Ibi tí ooru àti èéfín ti ń pa òṣìṣẹ́ lára ni róbọ́ọ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ pé kí wọ́n yéé wo apá irin tó ń jó ara mọ́tò pọ̀ ní Jámánì nìkan. A kì í ṣe mọ́tò n'Íbàdàn. Gààrí là ń ṣe.

Ẹ lọ sí ọ̀nà Mọníyà kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ̀rọ ti gba rírin ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá, jáàkì ti gba fífún omi. Yíyan ló kù sí wọn lọ́rùn. Èéfín igi ń ta wọ́n lójú, ooru ń jó wọn láyà, wọ́n á sì máa fi akúfọ́ igbá da gààrí kiri nínú agbada láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kan ti ṣiṣẹ́ ṣáájú wa. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, ti ń ṣe ẹ̀rọ gààrí tipẹ́. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti fún wa ní ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í tètè mú. Ohun tí èmi ń wá ni agbada kékeré tó ní làákàyè, tí agbo àwọn ìyá mẹ́fà lè dáwó rà.

Yíyan gààrí kì í ṣe ká ṣáà fi iná lé omi lọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná díẹ̀ nínú omi ara rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó wú tá a bá bu omi sí i. Bí iná bá kéré, á kàn gbẹ bí ìyẹ̀fun. Bí iná bá pọ̀ jù, á di kókó, á jóná. Mo bi ìyá kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó?” Ó ní, “Ọmọ mi, etí ni. Tó bá ti gbẹ, á máa dún ṣàràṣàrà lára agbada.” Mo fetí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ohun tó ń gbọ́ yẹn ṣeé wọ̀n. Ká ní a da kílò 10 ẹ̀gẹ́ tí a ti fún sínú agbada, tí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ omi. Bí òṣùwọ̀n tó wà lábẹ́ agbada bá ti ń sọ pé ó ku kílò 5.5, omi inú rẹ̀ kò tó 10 nínú 100 mọ́. 12 ni Codex, àwọn tó ń ṣòfin oúnjẹ lágbàáyé, fi ṣe òpin fún gààrí. Kọ̀ǹpútà kékeré bí ESP32 lè máa ka òṣùwọ̀n yẹn àti ooru agbada, kó máa pàṣẹ fún mọ́tò wáípà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí wáípà ọkọ̀, tí yóò máa da gààrí: yá, rọra, dúró. Pawabáǹkì fóònù tó fún ESP32 náà, bátìrì ọkọ̀ tó fún wáípà. Ẹnikẹ́ni kò ní máa retí kí wọ́n mú iná wá.

Ìyá ni kó máa pinnu irú gààrí tó fẹ́. Kí ẹ̀rọ gba èéfín àti ooru, kó fi ọgbọ́n sílẹ̀ fún olọ́gbọ́n. Mi ò sì ní tà á fún alágbára kan tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn, tí yóò wá sọ wọ́n di alágbàṣe nídìí iṣẹ́ ara wọn. Irin àti wáípà rẹ̀, ọjà Aráròmí ní Agodi Gate ni wọ́n ti ń tà á. Wẹ́dà àdúgbò lè tún un ṣe.

Ohun tó ń yọ èmi àti ọ̀gá wẹ́dà mi lẹ́nu báyìí ni ooru tó ń sọ̀kalẹ̀ sára òṣùwọ̀n, tí kì í jẹ́ kó sọ òótọ́. A ti fi bíríkì pín wọn níyà, ó dín in kù, kò tíì tó. Bí ẹ bá wà ní Poly tàbí UI, tẹ́ ẹ sì ti borí irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.