Ohùn Tó Jáde Níbi Àdúrà Ìyá Àna Mi

Ìyá àna mi pé ẹni àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ Sátidé kan. Àwọn ọmọ ẹ̀ ní kò ní sí aṣọ ẹbí, kò ní sí olórin, àdúrà nìkan làwọn máa fi dúpẹ́. Èmi ni àna, ẹ sì mọ iṣẹ́ àna: kí n to àga, kí n pọnmi sí dúrọ́ọ̀mù, kí n máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún wá fi sípíkà kún un, torí ìyàwó mi ti sọ fún wọn pé mo mọ fóònù lò. Sípíkà méjì tó ga tó èmi alára. Láàárọ̀, mo fi Bluetooth so fóònù mi mọ́ wọn, mo gbé orin ìyìn sí i, gbogbo agboolé ń jó. Ìyá àna mi ń wò mí bí ẹni pé inú òun gan-an ni mo ti jáde.

Nígbà tí aago mẹ́ta lù, àwọn aládùúrà dé. Wọ́n ní kí n pa orin. Mo pa orin. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn: orin ni mo pa o, n ò já Bluetooth.

Ìyàwó mi wá wo orí mi. "Dádì, ṣé orí tí ẹ fẹ́ fi ya fọ́tò Mọ́mì rèé?"

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan fẹ̀yìn ti ògiri ilé wọn. Mo yọ́ jáde. Ọmọkùnrin tó ni í kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó da aṣọ dúdú bò mí, ó tan kílípà, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó gbé kọ́ ògiri, Jackie Chan ń gun àkàbà sá fún àwọn kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ìjà bàbá yìí pọ̀," ló wí. "Kò mọ nǹkan míì."

"Olórin ni," ni mo fèsì.

Kílípà dákẹ́. "Ta ni?"

Ká ní mo ti gbà fún un nígbà yẹn ni, ǹ bá ti gẹrun mi tán kí n sì padà sílé àna pẹ̀lú iyì. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé fídíò láti kékeré, tí mo ti san owó oúnjẹ ọ̀sán mi fún fíìmù Ṣáínà, ta ni yóò wá kọ́ mi ní Jackie Chan?

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọdún 1954 ni wọ́n bí i ní Hong Kong. Bàbá rẹ̀ ń se oúnjẹ, ìyá rẹ̀ ń tún ilé ṣe, nílé aṣojú ìjọba Faransé níbẹ̀. Nígbà tí bàbá rí iṣẹ́ ìdáná míì ní Ọsirélíà, nílé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Canberra, wọ́n fa ọmọ lé ọ̀gá kan lọ́wọ́, Yu Jim-yuen, tó ní ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́pẹ́rà Beijing. Ọdún mẹ́wàá ló lò níbẹ̀, pàṣán ò sì jìnnà sí ẹ̀yìn ọmọ kankan. Níbi eré yẹn, orin ni ìyá gbogbo ẹ̀. Wọ́n á kọrin, wọ́n á ta òkìtì, wọ́n á fi idà jó, wọ́n á tún padà sí orin. Ìjà tó o ń wò yìí, àjọbí òun àti orin ni.

"Bí alárìnjó tiwa," ni mo ṣàlàyé. "Ṣé Ògúndé kì í kọrin ni?"

"Ta ni Ògúndé?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ orí mi ló dùn mí.

Ó tan kílípà padà, èmi náà tan ẹnu mi padà. Mo sọ bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ọ́pẹ́rà sílẹ̀ lọ sí sinimá, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn fi di ẹni tí wọ́n ń sọ láti ojú fèrèsé nínú fíìmù ẹlòmíì. Mo sọ bí igi Bruce Lee ṣe gbá a lójú níbi fíìmù tí wọ́n gbé jáde ní 1973. Mo sọ bí iṣẹ́ ṣe dá tó fi tọ àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Canberra, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Jack ló mú un mọ́ra níbẹ̀, wọ́n bá ń pe òun náà ní Jack Kékeré, ibẹ̀ ni Jackie ti wá. Orúkọ tí ayé ń kí i lónìí, orúkọ lẹ́bìrà ni! Ó padà sí Hong Kong ní 1976, nígbà tó fi máa di 1978 òkìkí ti kàn.

"Orí ẹ̀ ti fọ́ rí," ni mo tún fi kún un. "Ó já bọ́ lára igi ní Yugoslavia, níbi tí wọ́n ti ń ya Armour of God. Agbárí ẹ̀ là, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ihò tó wà níbẹ̀ títí dòní, ìdérí ni wọ́n fi dí i."

Ọmọ náà rọra gbé kílípà kúrò lórí mi, ó wo ibẹ̀ bí ẹni tó ń wá ihò tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n, orin la ń sọ o."

Ó tọ́. Mo ní láti 1984 ló ti ń gbé àwo jáde. Mo ní ó kọrin níbi ayẹyẹ ìparí Òlíńpíìkì Beijing ní 2008. Mo wá ju èyí tó dùn mọ́ mi jù sílẹ̀: orin tó máa ń dún níparí fíìmù ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń fi gbogbo ibi tí ó ti ṣubú, tí ó ti jóná, tí wọ́n ti gbé e dìgbàdìgbà hàn, òun gan-an ló máa ń kọ ọ́. Police Story ti 1985 ńkọ́? Ó yọ̀ lórí òpó láti òkè ilé ìtajà dé ìsàlẹ̀ láàárín gílóòbù iná mànàmáná, ọwọ́ ẹ̀ bó, ohùn tó sì ń kọrin sí i níparí, ohùn ẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù ló tún ń kọrin?"

A ta á ní mọ́ọ̀tì méjì. Mo yọ fóònù lábẹ́ aṣọ dúdú, mo wá orin Police Story, mo fà á kọjá ìlù ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ohùn ti ń jáde, mo tẹ̀ ẹ́.

Kò dún.

Mo gbé ohùn sókè. Kò dún. Mo gbé e sókè dópin, mo gbé fóònù sétí. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé olórin tí kì í fohùn kọrin ni?"

Ìyàwó mi ló ròyìn ohun tó ń lọ lẹ́yìn ògiri fún mi. Ìyá Àdúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí Ẹ̀mí fẹ́ sọ ni. Ẹni ogójì di ojú. Ni sípíkà méjèèjì bá ké lójijì, ohùn ọkùnrin kan, èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ìlù wà lábẹ́ ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tí Ẹ̀mí bá gbé kì í ka ìlù. Ìyá Àdúrà fò sókè: "Haleluya! Èdè tuntun!" Àwọn ìyá ẹgbẹ́ bọ́ gèlè. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ẹ̀ fún wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní Ẹ̀mí ń sọ pé àlejò kan ń bọ̀, àlejò tí wọn ò retí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Níbi tí mo jókòó sí, mo kàn rí i pé orin kan náà ni aládùúgbò ń gbọ́. Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ara mi tutù.

N ò rántí bí mo ṣe dìde. N ò rántí láti pa orin náà. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, n kàn ń sáré ni. Mo já wọ agboolé pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, apá òsì orí mi ń dán, apá ọ̀tún jẹ́ igbó.

"Ó dé o!" ni gbogbo wọn ké.

Ẹsẹ̀ mi kọ́ àga tí mo fọwọ́ ara mi tò láàárọ̀. Aṣọ dúdú bò mí lójú. Mo kó àga mẹ́ta míì dání kí n tó délẹ̀, orin ṣì ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin, tí àwa méjèèjì jọ dàgbà sí ìgbà fídíò, ló nawọ́ sókè láàárín èrò: "Ẹ jókòó o, ẹ jókòó! Police Story nìyẹn!"

Onígbàjámọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, kílípà lọ́wọ́. Mo ní ṣé ó ti gbọ́ ọ báyìí? Ó ní òun ò sanwó, torí ẹ̀yin sọ pé Jackie Chan ni, àwọn ìyá yìí ní Ẹ̀mí ni, òun ò sì lè bá àgbà jiyàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan ti ń ya fídíò látìgbà tí Ìyá Àdúrà ti fò sókè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí WhatsApp ẹbí: èmi àti ìdajì orí, tí mò ń ṣubú, tí ọmọ náà tún fà á kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, Jackie Chan sì ń kọrin sí i títí ó fi tán. Wọ́n gbé e fún ìyá àna mi. Ó wò ó tán, ó ní kí wọ́n tún un gbé.

"Ẹni yìí mọ orin kọ o," ló wí.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo já Bluetooth, mo lọ gba mọ́ọ̀tì mi.