Íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ ilé wa

Wọ́n fa wáyà fáíbà wọ ilé wa ní Bódìjà lónìí! Kí n tó sanwó, mo kọ́kọ́ bi àwọn aládùúgbò bó ṣe máa ń rí lálẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn bá wà lórí ẹ̀.

Ọmọkùnrin tó wá fà á fẹ́ gbé rọ́tà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, àárín ilé ni o, kó sì ga." Ó kàn án mọ́ ògiri kọ́rídọ̀, iná aláwọ̀ ewé tàn. Nínú ìgbì Wi-Fi méjì tó ń gbé jáde, 5GHz ló yára jù, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń dí i lọ́nà, 2.4GHz ló dé yàrá Màmá lẹ́yìn. Màmá pe ẹ̀gbọ́n wa ní London, fídíò ò dúró rárá. Inú mi dùn gan-an! UPS kékeré, bátìrì tí kì í jẹ́ kí rọ́tà kú tí iná bá lọ, ló kù tí mo máa rà, torí iná ìjọba.