Ọmọge 0845

Lọ́dún 1998, ọ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mò ń gbé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni Dixons, àwọn tó ń ta rédíò àti kọ̀ǹpútà, gbé Freeserve, ọ̀nà àtiwọ íntánẹ́ẹ̀tì láti orí tẹlifóònù ilé, jáde. Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì nílé ló ń san owó oṣooṣù, tí yóò sì tún san owó ìpè tẹlifóònù lọ́tọ̀. Freeserve ní àwọn ò gba owó oṣù. Wọlé, mú sídíì, máa lọ. "Ọ̀fẹ́" nìkan ni etí mi gbọ́. Owó ìpè ṣì wà níbẹ̀ o, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ló sì ń gorí ara wọn, ṣùgbọ́n ta ló béèrè?

Bí ilé bá ti sùn, màá yọ wáyà tẹlifóònù pálọ̀, màá ki ti módẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà pe nọ́ńbà Freeserve, bọ ihò ògiri, màá sì fi ìrọ̀rí bò ó kí wọ́n má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ igbe yẹn rí kò lè gbàgbé. Á kọ́kọ́ fọn bíi fèrè, á máa ha bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò, á wá parí sí ṣààà bí òjò orí páànù. 56K, ìyẹn bó ṣe lè yára tó, ni wọ́n kọ sí i lára, àmọ́ n kò rí i kó sáré dé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìròyìn ilé ni mò ń kà, torí Abacha ti kú, ìdìbò sì ń bọ̀. Mo dúró de àwòrán Ọbásanjọ́ kan lóru: fìlà kọ́kọ́ dé, iwájú orí tẹ̀lé e, ó ku ojú, ìlà já.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bílì dé. £187. Bọ̀ọ̀dá ti fi báírò pupa fàlà sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tó fi 0845 bẹ̀rẹ̀. Aago méjìlá òru, wákàtí méjì. Aago kan òru, wákàtí mẹ́ta.

"Ta lọmọ náà?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ni."

"Má parọ́ fún mi. Ta ní ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta?"

Ìyàwó wa fà mí mọ́ra. "Ọkọ mi, sọ òótọ́. Ṣé ó ti lóyún ni?"

Bọ̀ọ̀dá ní òun á fúnra òun pe àwọn òbí ẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè jẹ́rìí, ó wú ikọ́ bí alága ìdúró. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e.

"Ẹ kú alẹ́ o. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin tó ń pe ọmọ yín lóru..."

Fíííììì!

Bọ̀ọ̀dá sún sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pariwo. Ọ̀rọ̀ àgbà la fẹ́ sọ." Nǹkan náà tún han, ó ń ha, ó ń gbọ̀n. "Ẹ ṣe sùúrù mà! A máa gbà á!"

Kí n tó lajú, wọ́n ti gba oyún.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ìyàwó wa fa wáyà tu lára ògiri.

Èrín kò jẹ́ kí n lè ṣàlàyé. Nígbà tí mo wá gbé módẹ̀mù wá sí pálọ̀, tó sunkún bákan náà lójú wọn, bọ̀ọ̀dá wò ó títí. Ó ní, "Jẹ́ n rí ohun tó ń sọ." Mo ṣí Ọbásanjọ́. Fìlà dé, iwájú orí dé, ojú dé. Mo fẹ́ pa á, ó di ọwọ́ mi mú: "Dúró ná, ó ku imú."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kó búrẹ́dì sórí pẹpẹ ní ilé-ìtajà kan kí n tó rí £187 san. Nígbà tí bílì kejì dé, bọ̀ọ̀dá kò pe ẹnikẹ́ni sí pálọ̀. Inú àpò kóòtù rẹ̀ ni ìyàwó wa ti rí i.