Tí àwòrán bá ń sáré lójú skóòpù, ẹ má fọwọ́ kan TIME/DIV

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣe IT lọ́wọ́, tí wọ́n gbé skóòpù àtijọ́ (oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sígná iná sójú skíríìnì) síwájú yín tí gbogbo nọ́ọ̀bù ara ẹ̀ wá tojú sú yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀, àmọ́ tiransífọ́mà odindi kan ló ná mi kí n tó mọ̀ ọ́n, mi ò sì fẹ́ kó ná ẹ̀yin ní kọ́bọ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ínfátà ni. Ọ̀gá mi ní skóòpù 20 MHz kan tí gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù jọ ń lò. Kọ́sítọ́mà kan wá gbé ínfátà wá, IC tí wọ́n ń pè ní SG3524 ló ń darí ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn, fiúsì lásán ló jó, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo wá ní kí n kúkú yẹ fíríkúẹ́ńsì ẹ̀ wò kó tó lọ. Mo fi probe (wáyà tí skóòpù fi ń gba sígná) sí gate MOSFET (ẹsẹ̀ tí sígná ń gbà wọ transistor ínfátà), mo gbé TIME/DIV, nọ́ọ̀bù tó ń sọ iye àkókò tí àpótí kan dúró fún, sí 5 ms, mo ka àpótí ojú skíríìnì. Tó bá jẹ́ 50 Hz lóòótọ́, ìyípo kan á gba 20 ms, ìyẹn àpótí mẹ́rin géérégé. Mẹ́ta lèmi rí. 15 ms nìyẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 67 Hz! Mo bá mú skrudiráífà, mo yí preset ẹ̀, resistor kékeré tó ń yí fíríkúẹ́ńsì, títí àpótí fi pé mẹ́rin, inú mi dùn, mo dì í padà, kọ́sítọ́mà gbé e lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi gbé e padà wá, ó ń kùn bí ilé oyin, tiransífọ́mà ẹ̀ gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣe é gbé lé e, ó sì ti ń rùn.

Nọ́ọ̀bù kékeré kan wà nítòsí TIME/DIV, nínú skóòpù míì àárín ẹ̀ gan-an ló wà, wọ́n máa ń kọ VARIABLE sí i, ó sì níbi tó gbọ́dọ̀ wà, ibi tí wọ́n kọ CAL sí. Ẹnì kan ti yí i kúrò níbẹ̀ kí n tó dé. Tó bá ti kúrò ní CAL, sweep, ìmọ́lẹ̀ tó ń ya ìlà lójú skíríìnì, á máa falẹ̀ ju bí TIME/DIV ṣe sọ lọ, sígná tó yẹ kó gba àpótí mẹ́rin á sún kì sí mẹ́ta. Ínfátà yẹn wà ní 50 Hz tẹ́lẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi já a wálẹ̀ sí nǹkan bíi 37 Hz. Tiransífọ́mà tí wọ́n wé fún 50, tẹ́ ẹ bá fún un ní 220 volt kan náà ní fíríkúẹ́ńsì tó kéré bẹ́ẹ̀, mágnẹ́ẹ̀tì inú irin ẹ̀ á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, irin ò ní lè gbà á mọ́, á wá máa fa kọ́rẹ́ǹtì lọ́wọ́ bátìrì ṣáá, ooru ni gbogbo ẹ̀ ń dà.

Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó ní kí n so probe mọ́ irin kékeré tó wà níwájú skóòpù, ibi tí skóòpù fúnra ẹ̀ ti ń fúnni ní square wave 1 kHz. Ní 0.2 ms, ìyípo kan gbọ́dọ̀ gba àpótí márùn-ún, tí kò bá gbà á, ẹ má tíì ka nǹkan kan o. Ó lè jẹ́ VARIABLE, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan fa x10 MAG, tó ń fa àwòrán fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, jáde kò dá a padà. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni mo ń ṣe é dòní, kì í gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Àmọ́ ìbéèrè tó gbà mí lọ́kàn ni pé kí ló mú ẹni yẹn yí VARIABLE? Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó yá, torí mo rí ọ̀pọ̀ yín tẹ́ ẹ ń ṣe é. Àwòrán ń sáré lójú skíríìnì, ẹ fẹ́ kó dúró, ẹ bá ń yí TIME/DIV síwá sẹ́yìn, kò dúró, ẹ wá rí nọ́ọ̀bù kékeré yẹn, ẹ yí i, ó dúró fẹ́rẹ́, ẹ ní ó ti bọ́ sí i. Láyé ijọ́un bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, wọ́n á máa wá ìwọ̀n ìsáré sweep tó bá ti sígná mu, kó tó di 1947 tí Tektronix, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe skóòpù ní Portland ní Amẹ́ríkà, gbé skóòpù 511 jáde, tí sweep ẹ̀ máa ń dúró de trígà, àmì tó ń sọ fún un pé ó yá, kó tó gbéra. Èyí tó wà níwájú yín ní trígà. Ẹ lò ó.

Ẹ wò ó báyìí. Sweep ni ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó ń sáré láti òsì lọ sọ́tùn-ún, tó bá dé òpin wọ́n á pa á, á padà sẹ́yìn láìsí ẹni tó rí i, á tún gbéra. Àwòrán tẹ́ ẹ rí pé ó dúró, ìlà kan náà ló ń kọ lé ara ẹ̀ lórí láìmọye ìgbà. Kó tó lè bọ́ sórí ara ẹ̀, ibì kan náà lára sígná ló ti gbọ́dọ̀ máa gbéra. Ẹ ti rí àwọn onídùndún rí, ìyáàlù á dá a, àwọn yòókù á dúró dè é kí wọ́n tó wọlé. Trígà ni ìyáàlù. TIME/DIV ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn wọlé, bó ṣe máa yára tó nìkan ló mọ̀.

Torí náà tó bá ń sáré, SOURCE, tó ń sọ ibi tí trígà ti ń gba sígná, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ lè fi probe sí CH1 kí SOURCE wà ní CH2, kò lè dúró láéláé. Lẹ́yìn náà ẹ wo VOLTS/DIV, nọ́ọ̀bù tó ń sọ bí àwòrán ṣe máa ga tó, sígná tí ò tó àpótí kan ní gíga, trígà ò ní rí nǹkan dì mú, ẹ jẹ́ kó ga tó mẹ́rin. LEVEL ló wá kàn. Òun ló ń sọ gíga tí sígná máa dé kí sweep tó gbéra, tẹ́ ẹ bá gbé e kọjá orí sígná, kò ní gbéra. Ibí yìí ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú, torí ní AUTO ẹ ṣì máa rí àwòrán tó ń sáré, AUTO ò lè dúró kó má ṣe nǹkan, àmọ́ ní NORM ojú skíríìnì á ṣókùnkùn pátápátá, ẹ̀yin á rò pé skóòpù ti kú. Kò kú o, ó ń dúró de yín ni. AUTO ni kẹ́ ẹ fi wá ìlà, ṣùgbọ́n tí sígná bá rọra ń wá, bíi 10 Hz, NORM lẹ máa lò, torí AUTO ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

SLOPE, tó ń sọ bóyá etí tó ń dìde (+) tàbí etí tó ń wálẹ̀ (−) ni trígà máa dì mú, ọ̀pọ̀ ni kì í kà á sí, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Pulse SG3524 máa ń fẹ̀ sí i tẹ́ ẹ bá fi lóòdù sí ínfátà, àmọ́ etí ibi tó ti ń dìde kì í yẹ̀, etí ibi tó ti ń wálẹ̀ ló ń sún. Tẹ́ ẹ bá fi SLOPE sí +, ẹ máa rí i kedere bó ṣe ń sún. Tẹ́ ẹ bá fi sí −, etí tó ń sún lẹ dì mú yẹn, etí tó dúró lẹ máa wá rí tó ń gbọ̀n, ẹ sì máa lọ wá àrùn síbi tí àrùn ò sí. HOLDOFF, tó ń sọ bí sweep ṣe máa sinmi pẹ́ tó kó tó tún gbéra, ẹ fi sílẹ̀ ní ibi tó kéré jù àyàfi tí pulse bá ń wá ní ìdì-ìdì tí àwòrán méjì ń gun ara wọn.

LINE tó wà lára SOURCE, iná tí skóòpù ń lò fúnra ẹ̀ ló fi ń ṣe trígà. Ohunkóhun tó bá dúró jẹ́ẹ́ ní LINE, iná nẹ́pà ló ti wá, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa mọ ripple 100 Hz (ìgbì kékeré tó máa ń kù lórí DC lẹ́yìn tí pawásọ́pùláì bá ti yí iná nẹ́pà padà) yàtọ̀ sí ariwo míì. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so clip earth probe mọ́ apá tó kan nẹ́pà nínú pawásọ́pùláì o, earth skóòpù yẹn ilẹ̀ ló lọ, á bú gbàù.)

LINE yìí náà la fi tún ínfátà kọ́sítọ́mà yẹn ṣe lẹ́yìn tá a wé tiransífọ́mà tuntun, owó oṣù mi la fi wé e. A dúró dìgbà tí nẹ́pà mú iná wá, ọ̀gá mi gbé SOURCE sí LINE, probe wà ní gate, àwòrán ń fò kọjá lójú skíríìnì. Ó ní kí n yí preset. Mo ń yí i, àwòrán ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí ó fi ń rákò bí ìgbín, ó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ìyẹn ni pé ó ti bá 50 Hz nẹ́pà mu. A ò ka àpótí kankan. Mo kun preset yẹn ní nail polish kó má bàa yẹ̀ mọ́, mo dì í.