Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Orin Dídá Nínú Ìjọ Wa ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orin dídá lé lọ́wọ́, ẹ̀sùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín: "Ìjọ wa kì í kọrin." Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tí ẹ ní wọn ò kọrin yìí, ẹ lọ bá wọn níbi ìsìnkú tàbí ìkómọjáde, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e láìsí dùrù, láìsí máìkì. Ohùn wà lẹ́nu wọn. Àwa tí à ń dá orin ni a kì í fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ti ń mú orin. Ohùn ọmọge tó ń kọ soprano, ohùn obìnrin tó ga jù, kọ́ lẹ ó fi wọn orin ìjọ. Bàbá arúgbó tó jókòó lẹ́yìn, ìyá tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ polówó ọjà ní Agbalata tí ohùn rẹ̀ ti há, àwọn ni òṣùwọ̀n. Bí orin bá ti kọjá ìró D òkè lórí dùrù, ọ̀pọ̀ ẹnu á pa dé. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, wọn á kàn máa kùn ni. Orin tí ìwé kọ sí E-flat tàbí F, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí D tàbí C. Sol-fa (dó, rè, mí) tí akọrin ti kọ́ kò ní yí padà, ibi tí dó wà nìkan ló yí. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ dùrù láti ọjọ́ tí ẹ ń kọ́ orin, kó má bàa jẹ́ pé inú ìsìn lẹ ó ti máa jiyàn. Bó bá jẹ́ orin tí ẹ ó dá láìsí dùrù ni, ẹ rántí ibi tó ga jù nínú rẹ̀, ẹ kùn ún lábẹ́ ètè, kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni lílé àti ègbè. Bí àwọn baba wa ṣe ń kọrin nìyẹn: ẹnì kan á lé e, agbo á gbè é. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè gbè. Ẹni tí kò lówó ìwé orin lè gbè. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ẹni tó ń lé orin, tí òun kan náà tún ń gbè é sínú máìkì. Ẹ jọ̀ọ́, bí ègbè bá ti dé, ẹ gbé máìkì kúrò lẹ́nu. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dákẹ́, á máa wò yín bí ẹni ń wo eré.

Ìlú wa yìí ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù lábẹ́ igi Àgíyà lọ́dún 1842. Àwọn tó tẹ̀lé e fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin òyìnbó, orin wá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà wa kan rí i. J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Abẹ́òkúta, ṣe orin ìsìn ní ohùn Yorùbá, wọ́n sì gbà á sórí àwo ní London lọ́dún 1922. Ekundayo Phillips, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó lọ́dún 1914, gba ọ̀nà kan náà. Mi ò ní kí ẹ pa orin ìwé tì o, àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ń yan orin tuntun, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn orin bá ń ta kò ó níbi púpọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn ará wa Ègùn ńkọ́? Wọ́n pọ̀ nínú ìjọ wa. Ẹ lọ kọ́ orin wọn lẹ́nu àwọn àgbà wọn, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe tọ́.

Ní ti ìlù, bí onílù bá ti sáré ju èémí àwọn àgbà lọ, ẹ fọwọ́ sọ fún un kó rọra.

Orin tuntun kan péré tó fún ìsìn kan. Ẹ kọ́ ìjọ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ègbè ṣáájú. Ẹ tún un kọ lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ kẹta. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin tí wọn ò tíì gbà á, orin náà ni kò bá ẹnu wọn mu. Ẹ wá òmíràn.